Àlàfo Láàrin Igbó: Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Ìtàn Rẹ̀ àti Àwọn Ẹranko Rẹ̀

Ilẹ̀ tí a fẹ́ mẹ́nu bà lónìí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìgàndò, tí ó gba Ìyánà-Ìbà bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀ ni yóò já sí, ẹnu ibodè Bẹ̀nẹ̀ sì nìyẹn. Síbẹ̀, bí a bá bi ará ọjà Ìkòtún léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ibẹ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti tòlótòló inú yìnyín ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tilẹ̀ tún ju èyí lọ, nítorí wọn a máa rò pé ọ̀rọ̀ Ọba Ẹdó ni à ń sọ. Ẹ̀bi wọn kọ́. Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1960. Ní ọdún 1975 ni ìjọba Mathieu Kérékou yí i padà sí Bẹ̀nẹ̀, tí ó mú orúkọ náà láti ara apá òkun tí àwọn Òyìnbó ti ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

Ilẹ̀ náà rí tẹ́ẹ́rẹ́. Etíkun rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 120 lọ, ṣùgbọ́n ó gùn sókè títí dé odò Ọya. Iyanrìn àti ọ̀sà ni ó wà nísàlẹ̀, níbi tí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ tí í ṣe olú-ìlú wà. Òkè Atakora wà lápá àríwá. Lórí ọ̀sà Nokoué, àwọn ará Ganvié kọ́ ilé wọn sórí òpó nínú omi, nítorí pé àwọn baba ńlá wọn ń sá fún àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú.

Ohun tí mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́ gan-an ni èyí. Igbó kìjikìji tí ó bo ìhà òkun láti Làìbéríà bọ̀ wá sí Gánà dáwọ́ dúró ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí a ó fi dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀dàn ni ó wà láàrin, nítorí òjò ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti Èkó. Àlàfo Dàhòmì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó, nítorí eṣinṣin a máa kó àrùn ràn án. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dàn, yóò sáré. Ọ̀nà yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbà tí wọ́n fi ṣẹ́gun ọmọ ogun Agaja, ọba Dàhòmì, ní ọdún 1726. Ní ọdún 1748, wọ́n fi ìdí àdéhùn múlẹ̀ pé Dàhòmì yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìgbà ayé Ghezo, tí ó jọba láti 1818 dé 1858, ni wọ́n tó bọ́ nínú àjàgà náà. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n wo àwòrán ilẹ̀ kí wọ́n tó há orúkọ ọba sórí.

Ẹ̀san dé lẹ́yìn náà. Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ó sì kùnà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, Kétu ṣubú, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìlú náà tún padà dìde, ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà sì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí kò tún padà ni ìṣọ̀kan ilẹ̀ Kétu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sórí ìwé: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kàwé. Béhanzin, ọba Dàhòmì, alára kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀; ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Faransé ní 1894, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique.

Ó wá ku ẹranko. Èmi tí mo ń kọ́ni ní èdè, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. À ń kọ́ ọmọ ní ìjálá erin, ti ẹfọ̀n àti ti kìnnìún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bí sí Ẹ̀gbẹ́dá kò rí ju ewúrẹ́ àti adìyẹ lọ. Òótọ́ ni pé erin díẹ̀ ṣì kù nínú igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n nínú igbó ọba Pendjari àti èyí tí a ń pè ní W, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ti Burkina Faso àti Niger, ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú erin àti kìnnìún tí ó kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà, pẹ̀lú ẹfọ̀n àti erinmi. Ewu sì ti dé ibẹ̀. Ní ọdún 2019, wọ́n jí àlejò méjì ará Faransé gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó W, wọ́n sì pa lára wọn. Olùkọ́ tí ó bá ní òun yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, n kò ní gbà á níyànjú. Àwòrán erin tí ẹ ó rí lórí ẹ̀rọ yín báyìí, Pendjari ni wọ́n ti yà á.