Àǹkárá Àtijọ́ ní Ìlú Akra: Ìkójọ Aṣọ àti Ìwádìí Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Àǹkárá ni àwọn Yorùbá ń pe aṣọ òwú tí ilé-iṣẹ́ fi ìda tàbí oje igi gbígbóná tẹ ọnà sí lára, tí wọ́n sì pa láró kí ọnà náà lè hàn ní ojú méjèèjì. Orúkọ yìí fara jọ orúkọ Akra, olú-ìlú Gánà, nítorí pé Ankara ni àwọn Haúsá ń pe ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé láti ibẹ̀ ni orúkọ aṣọ ti wá, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń nàka sí olú-ìlú Tọ́kì. Ní Akra gan-an, wọn kì í pè é ní àǹkárá. Ntama, tí í ṣe aṣọ, ni ẹni tó ń sọ èdè Akan yóò pè é, lẹ́yìn náà ni yóò dárúkọ tí ọnà ara rẹ̀ ń jẹ́.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú aṣọ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, àti bí ẹni tó ń kó wọn jọ ṣe lè mọ ìgbà tí a tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń kó aṣọ tábìlì alátẹ̀ jọ ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù lè wo ọnà àti àwọ̀ kí ó sì fi mọ ìgbà, nítorí pé nígbà tí ọnà tuntun bá dé níbẹ̀, wọn a máa pa ti àná tì. Ní Akra, ọnà tó bá ń tà kì í kú. Ọ̀kan wà tí ó ní àtẹ́lẹwọ́ tí owó wà nínú rẹ̀, tí àwọn ìka sì fọ́n ká yí i ká: òpin ọ̀rúndún 19 ni ó ti wà lọ́jà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní. Nítorí náà ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè ró aṣọ kan náà, kí ti ìkínní tó 70 ọdún, kí ti ìkejì má sì ju oṣù kan lọ. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé ọnà nìkan yóò ṣìnà.

Láti Jáfà ni iṣẹ́ ìda yìí ti gba Yúróòpù lọ. Ní ọdún 1846 ni Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Vlisco lónìí sílẹ̀ ní Helmond, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Ní Haarlem, ìdílé Previnaire náà ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi ṣe ohun tí àwọn ará Jáfà ń fi ọwọ́ ṣe. Ẹ̀rọ kò ṣe é ní àṣepé: oje igi máa ń sán, aró a wọ ojú sísán náà, a sì fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lára aṣọ. Ohun tí àwọn ará Jáfà kà sí àbùkù ni àwọn ará etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kà sí ẹwà. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ní Gánà sọ pé àwọn ọmọ ogun tí àwọn ará Nẹ́dálándì gbà ní Elmina láàárín ọdún 1831 sí 1872, tí wọ́n tó nǹkan bí 3,000, ni wọ́n kó irú aṣọ yìí wálé láti Jáfà. Ìtàn náà dùn, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún aṣọ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹrù inú àpótí ọmọ ogun tó fẹ̀yìntì kò lè dá ọjà tó tóbi báyìí sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló dá a sílẹ̀, Ebenezer Brown Fleming ti ìlú Glasgow sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn: òun ni ó ń kó aṣọ Haarlem wá sí Gold Coast ní àwọn ọdún 1890.

Àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ a kọ nọ́ńbà sí i. Ìyá tó ń tà á ni yóò wo ọnà rẹ̀ tí yóò fún un ní orúkọ tí ará ìlú yóò fi rà á. Nsu Bura, tí í ṣe kànga, ni wọ́n pe èyí tí àwọn tótòtó rẹ̀ ń fẹ̀ lọ bí omi tí a sọ òkúta sí. Ahwene Pa Nkasa ń sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ gidi kì í pariwo. Sika Wɔ Ntaban, owó ní ìyẹ́, ni èyí tí ẹyẹ ń fò lára rẹ̀. Obìnrin tó bá sì ró o lọ sí òde mọ ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ. Orúkọ wúlò fún olùkójọ nítorí pé ó ń jẹ́ kí àwọn àgbà rántí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí. Ọnà kan a máa jẹ́ orúkọ kan ní Akra, kí ó jẹ́ òmíràn ní Lomé, kí Èkó sì tún pè é ní ohun tí ó wù ú.

Kí wá ni ẹ̀rí? Etí aṣọ ni. Ní etí méjèèjì tí ẹ̀rọ ìhunṣọ fi parí aṣọ ni ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú irú iṣẹ́ tí ó ṣe, nígbà mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà ọnà. Orúkọ yìí ń fúnni ní ọdún tí aṣọ kò lè ṣáájú. Èyí tí a kọ GTP sí kò lè ju ọdún 1966 lọ, nítorí pé ọdún náà ni a dá ilé-iṣẹ́ aláṣọ títẹ̀ yìí sílẹ̀ ní Tema. Bẹ́ẹ̀ ni ATL ti Akosombo kò lè ṣáájú ọdún 1967, Woodin kò sì lè ṣáájú ọdún 1985. Fífẹ̀ aṣọ náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn ti àtijọ́ fẹ̀ tó ínṣì 36. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn fẹ̀ tó ínṣì 46 sí 48. Kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé aṣọ tí ojú rẹ̀ dán tí ẹ̀yìn rẹ̀ ràn kì í ṣe oníìda, bí ó ti wù kí etí rẹ̀ pariwo tó. Bí iyèméjì bá ṣì kù, kí a fa fọ́nrán òwú kan yọ kí a sì fi iná sí i: òwú gidi a jó bíi bébà, a di eérú, èyí tí a fi rọ́bà lú a máa kákò di kókó.

Aṣọ ìrántí, èyí tí ó ní àwòrán ènìyàn àti ọ̀rọ̀ lára, ni ó rọrùn jù láti mọ ọjọ́ rẹ̀, òun náà ni àwọn olùkójọ sì ń jìjàdù lé jù. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a tẹ̀ fún òmìnira Gánà ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957, pẹ̀lú ojú Kwame Nkrumah àti àwòrán ilẹ̀ náà. Oyè tí a kọ sí i ń tọ́ni sọ́nà: bí ó bá jẹ́ olórí ìjọba, aṣọ náà wà láàárín ọdún 1957 sí 1960, bí ó bá jẹ́ ààrẹ, ó jẹ́ ti ẹ̀yìn ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1960. Àsíá náà tún ṣe kókó. Pupa, wúrà àti ewé pẹ̀lú ìràwọ̀ dúdú ni àsíá Gánà, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964 a fi funfun rọ́pò àwọ̀ wúrà, a kò sì dá a padà títí di oṣù kejì ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Nkrumah kúrò. Àsíá tí ó ní funfun láàárín àti ìràwọ̀ dúdú ti tọ́ka sí ọdún méjì péré. Kí olùkójọ ṣọ́ra níhìn-ín: ẹgbẹ́ òṣèlú Nkrumah, CPP, tí ó ti wà láti ọdún 1949, ní àwọ̀ pupa, funfun àti ewé tirẹ̀, àkùkọ sì ni àmì rẹ̀. Mo ti rí aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tà bí aṣọ ìjọba. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba náà, wọ́n fòfin de CPP, wọ́n sì wó ère Nkrumah. Kò yani lẹ́nu bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé etí aṣọ, tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, ni aránṣọ ń kọ́kọ́ gé sọ nù. Odindi aṣọ ní Gánà jẹ́ yáàdì 12, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6. Bí a bá ti rán an di búbà àti ìró, ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ a bọ́ sínú okùn ìránṣọ tàbí sórí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí èyí tí a kò rán fi níyì. Àwọn obìnrin a máa kó aṣọ pa mọ́ láìgé e, gẹ́gẹ́ bí owó tí a fi pamọ́, kí ó lè di ogún fún ọmọbìnrin wọn. Èyí tí a sì tẹ́ sórí tábìlì dára fún olùkójọ lọ́nà kan náà, nítorí pé tábìlì kò nílò ọrùn àti apá; etí rẹ̀ a máa pé. Èmi a kọ́kọ́ wo orí tábìlì kí n tó béèrè fún àpótí.

Ìtàn Gánà fúnra rẹ̀ kò ṣojúure sí aṣọ wọ̀nyí. Ọjà Makola, tí a kọ́ ní ọdún 1924, ni ibùdó wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, pàápàá UAC tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, ń fún àwọn obìnrin tó lókìkí ní ìwé àwìn, kí wọ́n gba ọjà kí wọ́n tó san owó. Nígbà tí ìjọba fi ìwé àṣẹ dínà ọjà òkèèrè ní ìparí ọdún 1961, púpọ̀ nínú òwò náà ṣí lọ sí Lomé, níbi tí àwọn obìnrin tí a ń pè ní Nana Benz ti di ọlọ́rọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ lára wọn, oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn, ohun tí orí lè rù ni wọ́n sì gbé wálé. Bí a bá rí àǹkárá Gánà àtijọ́ nínú àpótí ìyá àgbà nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ó yẹ kí a béèrè bóyá ó bá àwọn àtìpó náà dé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1979, àwọn ológun wó Makola palẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn pé àwọn obìnrin náà ń kó ọjà pamọ́. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ju ọjà lọ. Ẹni tó mọ ìgbà tí ọnà kan kọ́kọ́ dé, tó sì mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, kò ní ìsọ̀ tí a lè bá a mọ́.

Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Gánà ti ń fà sẹ́yìn: nǹkan bí 25,000 òṣìṣẹ́ ni ó ní ní ọdún 1977, wọn kò tó 3,000 mọ́ ní ọdún 2005. Àdàkọ láti Ṣáínà gba ọjà, díẹ̀ nínú wọn sì ń da etí aṣọ GTP àti ti Vlisco kọ pẹ̀lú. Nítorí èyí, orúkọ etí nìkan kò tó mọ́. Ó gbọ́dọ̀ bá fífẹ̀, òwú àti ojú ẹ̀yìn aṣọ mu.

Ilé-ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Gánà, tí a ṣí ní Akra ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 1957, jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan ju òmìnira lọ. Nígbà tí Gánà pé 50 ọdún ní ọdún 2007, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn aṣọ alátẹ̀ Gánà. Aṣọ tó bá dé irú ibẹ̀ láti ìsọ̀ a máa jẹ́ tuntun, etí rẹ̀ pé, ọdún rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ró o rí. Èyí tí a ró lọ sí ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú, tí a mọ ẹni tó ni ín àti ìdí tó fi rà á, wà nínú àpótí ní Akra, a sì ti gé etí rẹ̀. Olùkójọ tó bá fẹ́ ran ìtàn lọ́wọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ oní-aṣọ sílẹ̀ ní ọjọ́ tó rà á, pẹ̀lú orúkọ ọnà gẹ́gẹ́ bí ó ti pè é, yóò sì bi í bóyá ègé etí kankan ṣì kù nínú àpò ìránṣọ.