Yàrá Ìkéde IRC: Ibi Tí Ìròyìn Fáìlì Tuntun Ti Ń Kọ́kọ́ Jáde

Ní ọdún 1988 ni Jarkko Oikarinen, ọmọ ilẹ̀ Finland, gbé ètò ìtàkùrọ̀sọ kan tí wọ́n ń pè ní IRC kalẹ̀ ní Yunifásítì Oulu. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni, kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Yàrá-yàrá ni wọ́n pín in sí, àmì # ló sì máa ń ṣíwájú orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò fi í sílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú BitTorrent, tí Bram Cohen ará Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2001, bí ẹnì kan ṣe ń gba fáìlì ló ń fún ẹlòmíràn nínú èyí tó ti rí gbà. Àwọn ojúkò aládàáni kan, tí wọ́n ń pè ní tracker, máa ń ṣírò ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ gbà àti ohun tó fún ni. Ahun tó ń gbà tí kì í fún ni yóò bá ara rẹ̀ níta. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣu tuntun dé ọjà ló ń rí oníbàárà. Ẹni tó bá pẹ́ yóò bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó ń fi nǹkan kan náà lọni, kò sì ní rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni irú ojúkò bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní yàrá ìkéde. Rọ́bọ́ọ̀tì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kété tí fáìlì bá wọlé, yóò kọ ìlà kan: orúkọ fáìlì, ẹ̀yà rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àti àdírẹ́sì rẹ̀. RSS ní tirẹ̀ ń lọ béèrè lóòrèkóòrè ni. Ìkéde IRC ń wá bá èèyàn nílé. Ètò autodl-irssi, àti autobrr tó dé lẹ́yìn rẹ̀, lè ka ìlà náà kí ó sì gba fáìlì náà fúnra rẹ̀, bí ó bá bá ohun tí olówó rẹ̀ là sílẹ̀ mu. Ẹni tó bá la tirẹ̀ sílẹ̀ gbàyawu lè sùn kí ó jí bá kọ̀ǹpútà tó kún dẹ́múdẹ́mú fún ohun tí kò nílò.

Irinṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: Debian, ètò ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ń gba ọ̀nà BitTorrent dé ọ̀dọ̀ aráyé. Iṣẹ́ tó jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn ni wàhálà wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ya bo ẹgbẹ́ DrinkOrDie, tó ń lo IRC fún ìpàdé rẹ̀. Ní 2002, adájọ́ rán John Sankus, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, lẹ́wọ̀n oṣù 46. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ọlọ́pàá ti ojúkò orin OiNK pa. Ẹni tó dá a sílẹ̀ dúró níwájú ilé ẹjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá a láre ní oṣù Kìíní ọdún 2010.

Ẹ̀wẹ̀, yàrá IRC kì í ṣe ibi ìsápamọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ẹni tó wọlé hàn gbangba sí àwọn tó kù, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n kọ.