Ọ̀nà Inú Igbó Ọ̀ṣun: Bí Igbó Ìlú Wa Ṣe Padà Di Odindi

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí ìlú tí ń wá ìlọsíwájú kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, àwọn ìlú ńláńlá lókè òkun ń ná owó tabua láti dá igbó sí láàárín ìlú, kí wọ́n sì la ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ nìkan yóò máa tọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Àwa ọmọ Òṣogbo ní irú rẹ̀ láti ayébáyé, ní etí odò Ọ̀ṣun, ní ìhà gúúsù ìlú wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé igbó náà kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ pátápátá. Bí ó ṣe fẹ́ bọ́, àti bí a ṣe rí i gbà padà títí ó fi di odindi ní ọdún 1992, ni ìtàn tí mo fẹ́ rò fún yín nínú ìwé ọdọọdún wa yìí.

ÌBẸ̀RẸ̀ ÌLÚ ÀTI MÁJẸ̀MÚ IGBÓ

Gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wa, Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, ògbójú ọdẹ nì, ni wọ́n ṣáájú àwọn ènìyàn wọn wá láti Ìpólé Omu láti wá omi, nítorí ọ̀dá. Nígbà tí wọ́n dé etí odò yìí, wọ́n gé igi kan. Igi náà wó sínú omi, ohùn kan sì jáde láti inú odò, ó ń ké pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti inú ọ̀rọ̀ oṣó igbó yìí ni a gbọ́ pé orúkọ Òṣogbo ti jáde. Láróòyè àti Ọ̀ṣun sì bá ara wọn mulẹ̀: odò yóò dáàbò bo ìlú, ìlú yóò sì máa bọ̀wọ̀ fún ibùgbé odò, yóò sì máa ṣe ọdún rẹ̀. Ìtàn náà fi kún un pé nígbà tí Láróòyè na ọwọ́, tí ẹja sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ni oyè Àtáọ́ja ti ṣẹ̀: ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun méjì nínú ìtàn yìí, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe mùsùlùmí, ìbáà ṣe oníṣẹ̀ṣe ni wá. Èkínní ni pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wà láàárín ìlú wa àti odò náà, ẹjọ́ igi tí a gé ni. Èkejì ni pé àwọn baba wa kò tẹ̀dó sí etí omi títí lọ. A sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ó ga jù, wọ́n sì gbọ́. Báyìí ni igbó fi wà ní àárín ilé ènìyàn àti odò láti ìgbà náà wá. Òfin igbó náà kò sì ṣòro láti há sórí: a kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò rẹ̀.

ÌWỌ́PÓPÓ: ỌJỌ́ ÀTÚNṢE Ọ̀NÀ

Kì í ṣe igbó nìkan ni àwọn baba wa dá sí. Wọ́n ṣètò ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, tí a máa ń ṣe ní oṣù Ògún-ún tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ọ́gọ́ọ̀sì, ni Ìwọ́pópó máa ń wáyé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a wọ́ pópó, kí a tún ọ̀nà ṣe, kí a sì fọ ìlú mọ́. Lọ́jọ́ náà ni Àtáọ́ja àti àwọn ìjòyè rẹ̀ máa ń jáde rìn ní òpópónà, tìlù tìfọn. Lẹ́yìn èyí ni a ó tan iná olójú mẹ́rìndínlógún ní ààfin. A ó ṣe Ìbọríadé, nígbà tí a bá kó adé àwọn ọba àná jọ. Nígbẹ̀yìn ni Arugbá yóò ru igbá láti ààfin lọ sí ojúbọ létí odò, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò sì tẹ̀ lé e.

Bí a bá rò ó dáadáa, kí ni èyí bí kò ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó so ààfin, ọjà, igbó àti odò pọ̀, tí gbogbo ìlú sì ní ojúṣe láti rìn ín àti láti tún un ṣe lọ́dọọdún? Kí ìgbìmọ̀ ìlú ìgbàlódé tó dé, kí iṣẹ́ wolé-wolé tó dé, ni Òṣogbo ti ń ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó tirẹ̀.

BÍ IGBÓ ṢE FẸ́ BỌ́ MỌ́ WA LỌ́WỌ́

Reluwé dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Òwò gbilẹ̀, àlejò pọ̀, ìlú sì fẹ̀. Láyé àtijọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó tirẹ̀ tí a kì í dá. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn di oko, tí àwọn mìíràn sì di ilé. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1950, tiwa náà ti ń ṣe òjòjò. Àwọn àwòrò ń dínkù, àwọn ojúbọ ń wó, ikán ń jẹ òpó wọn, àwọn olè sì ń jí ère gbé lọ tà fún àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó ti ìjọba gba apá kan ilẹ̀ náà láti dán irúgbìn wò. Wọ́n gé igi ìbílẹ̀, wọ́n sì gbin igi mìíràn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ dípò rẹ̀. Níbi tí a kì í ti í yin ìbọn, ọdẹ wọ ibẹ̀. Níbi tí a kì í ti í ju àwọ̀n, apẹja wọ ibẹ̀. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa kì í ṣe ilẹ̀ nìkan, ọ̀wọ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N DÌDE

Ní ọdún 1950 ni Susanne Wenger, ayàwòrán tí a bí ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, dé sí Nàìjíríà. Ó gbé ní Ìbàdàn àti Ẹdẹ kí ó tó wá fìdí kalẹ̀ ní Òṣogbo, a sì mọ̀ ọ́n sí Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ojúbọ tí ó wó kọ́. Kí a má ṣe gbàgbé àwọn ọmọ wa wọ̀nyí nígbà tí a bá ń sọ ìtàn náà, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ bíríkìlà ni ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, sọ símẹ́ǹtì di ère. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta, Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi.

Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ wọn. Ère kékeré tí ènìyàn lè fi aṣọ wé gbé lọ ni olè ń jí. Ta ni yóò jí ère símẹ́ǹtì tí ó ga ju ilé lọ? Ibikíbi tí wọ́n bá sì gbé ojúbọ dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ di oko mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ṣe di ààlà, tí ó sì di ọgbà yí igbó ká. Àdùnní Olórìṣà kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93.

BÍ IGBÓ ṢE DI ODINDI

Òfin náà wá tẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Apá kan ni mo wí o. Èyí tí ó kù ṣì wà láìní ààbò, bí aṣọ tí a rán ọwọ́ rẹ̀ kan tí a kò rán èkejì. Ó gba ọdún 27 gbáko kí iṣẹ́ náà tó parí. Ní ọdún 1992 ni a na ààlà náà títí ó fi ká gbogbo hẹ́kítà 75, ìyẹn ilẹ̀ tí ó ju 100 pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ní oṣù keje ọdún 2005, Àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Sukur nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1999. A tún ya hẹ́kítà 47 sọ́tọ̀ yí igbó ká, kí ilé má baà wọlé tọ̀ ọ́.

Ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà bí 40 ni ó wà nínú rẹ̀, àti ibi ìbọ mẹ́sàn-án létí odò. Irú ewéko tí a ti kà níbẹ̀ tó 400, èyí tí ó ju 200 nínú wọn sì jẹ́ egbòogi. Ọ̀bọ ń fò lórí igi, ẹja ń yí nínú omi láìbẹ̀rù. Ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà ẹsẹ̀ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan yóò mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti àárín ìlú. Òjìji ni ó ń fà á; ewé igi ń gba oòrùn dúró, gbòǹgbò ń di bèbè odò mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ, ilẹ̀ rírọ̀ sì ń mu omi òjò kí ó tó ya wọ ilé.

OHUN TÍ Ó KÙ

Ẹ̀yin ará, odi kò lè dá omi dúró. Odò Ọ̀ṣun kò ṣẹ̀ ní Òṣogbo; láti ilẹ̀ Èkìtì ni ó ti ń bọ̀, ó sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó kàn wá. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ń wa góòlù lókè odò ti da ẹrẹ̀ àti èérí sínú rẹ̀, omi tí ó mọ́ ní ìgbà àwọn baba wa sì di pípọ́n. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu ún. Àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀ Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá sí etí odò tí àwọn baba ńlá wọn fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn la òkun kọjá; ṣé omi tí a kò lè mu ni a ó bù fún wọn?

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́rin sí iwájú Ẹgbẹ́ wa. Èkínní, kí a rán àgbà lọ bá àwọn ìlú tí ó wà lókè odò, kí ohùn wa àti tiwọn lè jọ dé ọ̀dọ̀ ìjọba, nítorí omi kan náà ni gbogbo wa ń pọn. Èkejì, kí ọmọ ìlú kankan, bí ó ti wù kí ó lówó tó, má ṣe kọ́lé sí ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ yí igbó ká. Ẹ̀kẹta, kí Ìwọ́pópó padà jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò, kí a kó ọ̀rá àti ike kúrò lọ́nà àti lójú gọ́tà kí òjò tó gbé wọn lọ sínú odò. Ẹ̀kẹrin, tí ó kan àwa olùkọ́ jù lọ, kí a mú àwọn ọmọ ilé-ìwé rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí wọ́n mọ orúkọ igi tí ó ń ṣíji bò wọ́n. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ìrókò àti àràbà kò ní mọ ohun tí ó sọnù nígbà tí a bá gé e.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Kánò, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, owó yín wúlò, ṣùgbọ́n ẹnu yín wúlò pẹ̀lú. Ẹ bá wa sọ ọ́ níbi tí àwa kò lè dé. Àwọn baba wa gba igbó yìí pẹ̀lú àdéhùn. Ìran tí ó ṣáájú wa sì jà títí ó fi di odindi. Odò inú rẹ̀ ni ó kù fún àwa.

Òṣogbo á gbó, á tọ́, kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lórí o. Àṣẹ.