Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di Ọ̀mọ̀wé: ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Ó ti pẹ́ tí àwa òbí ti ń bi ara wa ní ìbéèrè kan, ì báà jẹ́ nínú ọjà Wuse tàbí nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú: ọmọ wa ti di nọ́ọ̀sì, ó ti ń gbowó oṣù, kí ló tún ń wá ní fásitì tó ní òun fẹ́ gba PhD? Owó ló ń mú wa bèèrè, ká má parọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí àwọn bàbá tó rí jájẹ l'Ékòó fẹ́ kọ́mọ wọn ṣe. Olóyè Kofoworola Abeni Pratt, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1915, iṣẹ́ yìí ló wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà. Ó bá lọ di tíṣà. Ìgbà tó ti lọ́kọ, tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní London, ló tó ráyè ṣe tọkàn rẹ̀. Ní 1946, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ọsibítù St Thomas'. Aláìsàn òyìnbó kan tiẹ̀ yarí pé aláwọ̀ dúdú kò ní tọ́jú òun. Màmá ò torí ẹ̀ kó ẹrù. Ó padà wálé ní 1954, ó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, nígbà tó sì di 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù UCH. Òyìnbó ló ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e, 1965, ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nọ́ọ̀sì dé ìpele dìgírì, Màmá Pratt sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní 1973. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú ilé ẹ̀kọ́ ọsibítù ni nọ́ọ̀sì ti ń lo ọdún mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí tó bá gbà níbẹ̀, fásitì kò kà á mọ́ dìgírì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: l'Amẹ́ríkà, 1924 ni Teachers College ti Columbia ní New York ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé fáwọn nọ́ọ̀sì. Ọdún 41 rèé ṣáájú dìgírì àkọ́kọ́ n'Íbàdàn! Kí wọ́n lè ní ẹni tó máa kọ́ nọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe torí oyè. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní fásitì wa lónìí, ẹni tí kò bá ní PhD, ó ṣòro kó di lẹ́kíṣọ̀ àgbà, ká má tíì sọ ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí kò sì tíì jẹ́ ọ̀mọ̀wé kò lè bójú tó ìwádìí ẹni tó fẹ́ di ọ̀mọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un fi gba PhD nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tàbí ìlera gbogbo ará ìlú, tàbí kí wọ́n sọdá sókè òkun.

Ẹ ò ní mọ̀ pé ó kàn yín, àfìgbà tí JAMB bá dé. Iye ọmọ tí Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, tí ọ́fíìsì wọn wà níbí l'Abùjá, máa gbà kí ilé ẹ̀kọ́ kan mú, ó dọ́wọ́ iye olùkọ́ tó kún ojú ìwọ̀n níbẹ̀. Olùkọ́ ò pọ̀, àyè ò pọ̀, ọmọ yín á máa tún JAMB ṣe.

Àwọn ẹbí wa tó wà l'Amẹ́ríkà náà á máa sọ pé ọmọ àwọn ti gba DNP. Ó dáa, a bá wọn yọ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Yunifásítì Kentucky ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2001, fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di ọ̀gá nídìí ìtọ́jú aláìsàn. PhD jẹ́ ti ìwádìí: kí ló dé tí aboyún fi ń sá kúrò ní ọsibítù lọ sọ́dọ̀ ìyá àbíyè? Kí ló ń mú kí ẹ̀yìn ẹni tó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì di egbò? Irú ìbéèrè báyìí, nọ́ọ̀sì tó ń jí lóru ló mọ̀ ọ́n bi jù.

Ní oṣù kejì 2024, nígbà tí Ìgbìmọ̀ yìí ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó bá a fọwọ́ sí ìwé àtilọ sókè òkun, àwọn ọmọ náà ṣe ìwọ́de l'Abùjá àti l'Ékòó. A ò bú wọn. Owó oṣù tó kéré kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jápa, ta ló máa kọ́ àwọn tó kù?

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ PhD, ẹ má sáré kọ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti ní máásítà tó gbé e débẹ̀, ta ló máa bójú tó ìwádìí rẹ̀, àti bóyá ọsibítù tó ń bá ṣiṣẹ́ máa fún un láyè láìgé owó oṣù rẹ̀. Ìdáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni kí ẹ gbà lákọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú àpò.