Ilé Là Ń Wò: Ìtàn Ìlú Yorùbá àti Ètò Ìwádìí Jọ́gíráfì

Lọ́dọọdún ni àwọn tí ó fẹ́ gba oyè Másítà àti oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì máa ń kó àbá ìwádìí wọn wá síwájú olùkọ́. Irú àkọlé kan kò wọ́n láàrin wọn: ‘Ìlú Ìbàdàn’, ‘Ìṣíkiri láti Oko sí Ìlú’, ‘Àwọn Ọjà Ilẹ̀ Yorùbá’. Ọ̀ràn ńlá ni gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà ni kì í ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìbéèrè lè lo ọdún mẹ́ta ní kíkó ọ̀rọ̀ jọ, kí ó má sì mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Jọ́gíráfì ènìyàn, èyíinì ni ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀dó, bí ó ṣe ń ṣí kiri àti bí ó ṣe ń lo ilẹ̀, gbòòrò púpọ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé bí a ṣe ń gbèrò ìwádìí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọpa ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ ti bèèrè nípa ilẹ̀ wa: ǹjẹ́ ìlú ni ìlú Yorùbá ní tòótọ́, tàbí abúlé ńlá ni?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé abúlé ni ti àgbẹ̀, ìlú sì ni ti oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, inú ìlú olódi ni ilé àgbẹ̀ wà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń lọ sí oko. Ìbàdàn, tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, ní ènìyàn bí 459,000 nínú ìkànìyàn ọdún 1952. Síbẹ̀ iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ agbo ilé ibẹ̀ fi ń jẹun. Ní ọdún 1938, Louis Wirth, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohun mẹ́rin ni a fi ń mọ ìlú: kí ó tóbi, kí èrò inú rẹ̀ fún pọ̀, kí ó wà pẹ́, kí àwọn ará ibẹ̀ má sì rí bákan náà. Ní ọdún 1955, William Bascom, ẹni tí ó ti ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1937 sí 1938, mú òṣùwọ̀n yìí, ó sì fi wọn ìlú Yorùbá. Ó rí i pé wọ́n tóbi, wọ́n fún pọ̀, wọ́n sì ti wà pẹ́. Ní ti ẹ̀kẹrin, ó tọ́ka sí iṣẹ́ ọwọ́ àti ipò: alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ahunṣọ, ìjòyè kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù.

Akin Mabogunje, tí ó gba oyè Ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1961, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1968 lórí ìdàgbàsókè ìlú ní Nàìjíríà, ohun tí ó bèèrè ni pé kí ni ó ń mú kí ìlú wà rárá. Ó ka ohun mẹ́ta: oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn alágbára tí wọ́n lè ṣètò rẹ̀, àti àwọn oníṣòwò. Bí a bá fi ojú yìí wò ó, àgbẹ̀ tí ń gbé inú ìlú kò ba ìlú jẹ́ mọ́. Ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ kò yí padà, ènìyàn kò yí padà, ìbéèrè ni ó yí padà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ìtàn yìí kọ́ wa. Èkíní ni ti ọ̀rọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn baba wa ní ìlú, ìletò, abúlé, abà àti ahéré, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo pe gbogbo wọn ti sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ti iye. Ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953 ka mílíọ̀nù 30.4 ní Nàìjíríà; wọ́n fagi lé ti ọdún 1962; ti ọdún 1963 sì ka nǹkan bí mílíọ̀nù 55.7. Ìbímọ nìkan kò lè fa irú ìbísí bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún mẹ́wàá. Ní ìṣáájú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún akànìyàn nítorí owó orí. Lẹ́yìn náà, iye ènìyàn di ohun tí a fi ń pín àga ilé aṣòfin. Níbo ni wọ́n sì ti ka àgbẹ̀ tí ó ní ilé ní Ìbàdàn, tí ó sì ní abà lóko? Ẹni tí ó bá gbé ìwádìí ìṣíkiri ka orí ìyàtọ̀ láàrin ìkànìyàn méjì nìkan, orí iyanrìn ni ó kọ́lé sí. Kí àbá rẹ̀ sọ ohun mìíràn tí yóò fi yẹ iye náà wò.

Ẹ̀kẹta ni ti ààlà. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Kí a sọ ibi tí a ó dé, irú ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀, àti ìgbà tí a ó lọ. Ní ọdún 1961, B. W. Hodder tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àwọn ọjà oko ní apá kan ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọjà tí ọjọ́ wọn ń tẹ̀lé ara wọn yí agbègbè ká. Ọjà ọrọọrún ń padà ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ní ìṣirò òyìnbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé nìkan yóò bá ọjà lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìgbà mẹ́rin, yóò sì kọ ọ́ pé ọjà náà ti kú.

Ẹ̀kẹrin ni ti ìwà. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde sí owó orí nínú ogun Àgbẹ̀kọ̀yà ní ọdún 1968 sí 1969. Àjèjì tí ó mú ìwé àti kálàmù dání, tí ó ń bi baba àgbà ní iye oko rẹ̀, kò yàtọ̀ sí agbowó orí lójú ẹni tí ó rántí. Kí a kọ́kọ́ kí baálẹ̀ àti mọ́gàjí. Kí a sọ ohun tí a wá ṣe. Kí a sì fi àyè fún wíwá lẹ́ẹ̀kejì nínú ètò wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ kọ ojú ewé kan: ìbéèrè yín, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín, ibi tí ẹ ó ti rí ẹ̀rí, ààlà yín, àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà wọ ìlú. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ìbéèrè náà ní gbólóhùn Yorùbá kan fún àgbẹ̀ tí ọ̀ràn náà kàn. Bí kò bá yé e, kì í ṣe òun ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ìbéèrè yín ni kò tíì pọ́n.