Àwòrán Ìpàkọ́ Tó Di Ìtàn: Ọ̀rọ̀ fún Ayàwòrán Ìgbéyàwó Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí ènìyàn bá dé òde ìgbéyàwó ní Ìbàfò lónìí, ó ṣeé ṣe kó rí ọ̀dọ́ kan tó gbé kámẹ́rà tàbí fóònù dání, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òrùka, tó ń ya bàtà ìyàwó, etí gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àgbàlagbà tó bá ń wò ó lè béèrè pé: ta ni yóò gbé àwòrán bàtà kọ́ sí ògiri? Ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà, nítorí pé ó ní ìtàn nínú.

Ọdún 1839 ni wọ́n fi iṣẹ́ Daguerre han aráyé ní ilẹ̀ Faransé. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú bíi N. Walwin Holm àti George Da Costa ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bí iṣẹ́ náà ṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó di ohun tó ní ìlànà tirẹ̀. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa ìlànà yìí: àgbà yóò jókòó gbọnin, yóò dojú kọ kámẹ́rà, ọwọ́ méjèèjì yóò wà lórí itan, aṣọ ńlá yóò sì tẹ́ rẹrẹ. Odindi ènìyàn ni àwòrán ń wá. Lójú irú ìlànà bẹ́ẹ̀, àwòrán tó mú ọwọ́ nìkan, tó fi ojú sílẹ̀, kò tíì pé.

Ẹni tó fi hàn pé apá kan lè gbé odindi ìtàn ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tí wọ́n bí ní 1930. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni òun náà nígbà tó ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan ní 1950, kámẹ́rà tí kò ní iná. Ní 1954, ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń bá wọn fọ àwòrán nínú yàrá òkùnkùn. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, lójú pópó, níbi iṣẹ́ àti níbi ayẹyẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yà láti ìpàkọ́, tí ojú ẹni náà kò hàn rárá. Ó kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, ó sì ń fi orúkọ irun pè wọ́n: Ṣùkú, Onílé Gogoro, Abẹ̀bẹ̀. A pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kassel ní Jámánì ní 2007, àti ní Venice ní Ítálì ní 2013, ọdún kan kí ó tó jáde láyé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwòrán odindi kì í sọ. Nínú àwòrán àtijọ́ tí kò ní àwọ̀, ẹtù aláró àti àlàárì pupa lè jọ ara wọn bí ìbejì. Ojú ìrán tí a fi so aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, àti ihò tí ahunṣọ dá sínú rẹ̀, kò ní hàn lókèèrè. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàfò gan-an. Etí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ìjọba ṣí ní 1978, ni ìlú náà wà, ọ̀pọ̀ olùgbé ibẹ̀ ló sì ti ibòmíràn wá. Ọmọ tí a bá bí síbẹ̀ lè má mọ ìlú ìyá rẹ̀ dáadáa. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹrù ìyàwó lè jẹ́ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ya odindi, kó tó súnmọ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Kó gbé òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó pa iná kámẹ́rà, nítorí iná náà a máa bo ojú iṣẹ́ ọnà mọ́lẹ̀. Bí àwòrán bá ṣú bàìbàì, kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Kámẹ́rà kò lè rí ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kó ya obì, orógbó, ataare àti oyin kí wọ́n tó fi ṣàdúrà, torí pé wọn yóò pín in jẹ. Kó ya òrùka lórí ọwọ́ tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, kó tọ ìyá ìyàwó lọ, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pe aṣọ yìí? Ta ló ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀?" Kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán.

Èyí ni iṣẹ́ tó kù tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Àwòrán ìpàkọ́ Ojeikere ìbá di ẹwà lásán ká ní kò mọ orúkọ irun tó ń yà. Kò sí ẹni tó pọn dandan fún láti gbé bàtà ìyàwó kọ́ sí ògiri. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá béèrè lọ́jọ́ iwájú pé kí ni ìyá òun wọ̀, ta ló hun ún, ibo ló ti wá, ó yẹ kí ìdáhùn wà nílẹ̀.