Awalẹ̀pìtàn Nìkan Kọ́ Ló Tú Àṣírí Ifẹ̀

Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910, Igbó Olókun ló gbájú mọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ nítorí ilẹ̀kẹ̀ tó kún inú rẹ̀. Òun náà ní kí wọ́n wà á, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí dígí lẹ̀ mọ́ inú wọn pinpin, ó rí orí amọ̀ lóríṣiríṣi, orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní orí Olókun sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Frobenius kò béèrè ìyẹn. Ta ló gbé e wá ni tirẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti di ìdáhùn mọ́ ẹrù láti ilé: àwọn Gíríìkì ni. Ó ní Ifẹ̀ ni Atlantis tí ìtàn wọn sọ pé omi òkun gbé mì, pé Olókun wa náà ni Poseidon, òrìṣà òkun wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba orí Olókun padà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ère amọ̀ bá a dé Berlin, ìtàn Atlantis náà sì rìn jìnnà ju àwọn ère lọ.

Ó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó fi ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin rọ́pò ìtàn yẹn, awalẹ̀pìtàn nìkan kò sì lè dá a ṣe. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn tó mọ bí irin àti bàbà ṣe ń yọ́ wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà àti àwọn tó mọ ìwà iná náà ò gbẹ́yìn. Kálukú ló gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dání wá.

Idẹ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin kan àwọn orí idẹ tí ojú wọn dàbí ojú èèyàn gidi. Méjì nínú wọn bá William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì dá wọn padà ní 1950. (Ó yẹ ká yìn ín, nítorí àwọn tó kó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ pọ̀ ju àwọn tó dá a padà.) Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà nínú idẹ yìí wò, wọ́n rí i pé àwọn kan jẹ́ àdàlù bàbà, síńkì àti òjé, pé àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbòjú Ọbalùfọ̀n tó wà ní ààfin Ọọ̀ni fún ìgbà pípẹ́: bàbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àbùlà ni.

Ẹni tí kì í da irin kò ní mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bàbà kì í yọ́ àfi kí iná dé ìwọ̀n 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá ti yọ́ tán, yóò máa fa afẹ́fẹ́ mu; bó ṣe ń tutù, afẹ́fẹ́ yẹn a tún fẹ́ jáde, a sì dá ihò sí i lára kálẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ káàkiri ayé fi ń po síńkì, tánńganran tàbí òjé mọ́ ọn, kó lè ṣàn dáadáa. Àwọn ti Ifẹ̀ dà á láìpo nǹkan mọ́ ọn, wọ́n dà á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú àti ètè rẹ̀ sì jáde gedegbe. Bàbà náà fúnra rẹ̀ ti òkèèrè wá, kò sí bí a ṣe lè sẹ́ ìyẹn. Ọwọ́ tó dà á ni ti ilé.

Ṣùgbọ́n nígbà wo? Ìṣirò ló dáhùn èyí. Ní 1949, Willard Libby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago fi han ayé pé kábọ̀n-14 tó wà nínú ohun alààyè ń dín kù láti ọjọ́ tí ohun náà bá ti kú. Ní gbogbo nǹkan bí 5,730 ọdún ni ìdajì rẹ̀ ń lọ. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká fi èédú Ifẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: èédú igi tí wọ́n gé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn ṣì ní nǹkan bí ìdá 88.6 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ̀n-14 rẹ̀. Èyí tí wọ́n gé ní 900 ọdún sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdá 89.7. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹyọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ! Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kì í fi í dárúkọ ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n á ní láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí, wọ́n á sì ṣírò bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó mọ́ ọn.

Frank Willett, tó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní 1957, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èédú Ifẹ̀ ránṣẹ́ sí irú ilé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ọdún tó ti ibẹ̀ jáde bọ́ sí agbègbè ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkejìlá. Àwọn Pọtogí tí àwọn kan ń fura sí pé àwọn ló kọ́ Ifẹ̀ níṣẹ́ idẹ kò tíì dé etíkun wa nígbà yẹn, wọ́n ṣì kù ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn Gíríìkì àtijọ́ kò tilẹ̀ yẹ lóhun tí à ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí mọ́.

Peter Garlake ló tún wá lẹ́yìn ìyẹn, láàárín 1971 sí 1973, sí Yunifásítì Ifẹ̀. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa tọ́ sí ìrántí. Great Zimbabwe ló ti ń ṣèwádìí tẹ́lẹ̀, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń jọba ní Rhodesia. Ìjọba ibẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ló kọ́ àwọn ògiri òkúta Great Zimbabwe, Garlake ò sì gbà láti purọ́. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní Ifẹ̀, ní ilẹ̀ Ọbalárá àti Wóyè Àsírí, ó tú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ jáde, àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n to ní òòró létí létí bí egungun ẹja, tí òjò kò fi lè wọ́ ọ lọ.

Ní ìhà Àkúrẹ́, nítòsí Ìsàrun, ìṣirò ṣe iṣẹ́ mìíràn. Thurstan Shaw, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, walẹ̀ ní Ihò Eléérú ní 1965, ó sì bá egungun èèyàn níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wo agbárí náà ní kò yàtọ̀ sí ti àwọn èèyàn agbègbè wa. Chris Stringer, onímọ̀ mìíràn, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011, Katerina Harvati, Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àmì sí ojú ibi púpọ̀ lórí agbárí náà, wọ́n sọ ìrísí rẹ̀ di nọ́ńbà, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀pọ̀ agbárí mìíràn. Bó ṣe gùn tó sì lọ sílẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn ayé àtijọ́ gan-an. Síbẹ̀, àyẹ̀wò egungun náà fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín nǹkan bí 11,700 sí 16,300 ọdún, èyí tí kò jìnnà rárá nínú ìtàn ẹ̀dá. Ojú lásán kò lè yanjú irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ti Ìjẹ̀bú ni Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ náà ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. P.C. Lloyd ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n Patrick Darling ló rìn ín, tó wọ̀n ọ́n, tó sì sọ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 3.5 mítà oníhà mẹ́ta, èyí tó ju ìwọ̀n òkúta tó wà nínú Pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Láìsí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ o, ọkọ́ àti agbọ̀n. Àwọn èèyàn Òkè-Èrí gbà pé Bílíkísù Súngbọ́ ló ni ín, àwọn kan sì so ó mọ́ ayaba Ṣébà inú Bíbélì. Àyẹ̀wò èédú tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe gbé e sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí ayaba Ṣébà ti lọ. Lójú tèmi, ìyẹn kò bu Súngbọ́ kù. Ó gbà á lọ́wọ́ àlejò ni.

Ká padà sí ilẹ̀kẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, kódà lẹ́yìn tí Atlantis ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ kò ṣe dígí. Pé ńṣe ni wọ́n ń ra àfọ́kù dígí tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ fi ṣe ilẹ̀kẹ̀. Awalẹ̀pìtàn ò rí nǹkan fi já èyí nírọ́, torí ìkòkò tó ń yọ́ àfọ́kù àti èyí tó ń yọ́ iyanrìn jọra. Kẹ́míkà ló já a. Ní 2006, James Lankton, Akin Ige tó jẹ́ onímọ̀ nípa òkúta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Thilo Rehren tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde. Dígí ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti ìhà Mẹditaréníà máa ń ní sódà púpọ̀, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ sì máa ń kéré. Ti Íńdíà ní alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n káísíọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ti Ifẹ̀ ní méjèèjì ní yanturu. Kò sí ibòmíràn láyé àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti ń se irú rẹ̀.

Abidemi Babatunde Babalola wá walẹ̀ ní Igbó Olókun fúnra rẹ̀ láti 2010, ó sì kó ilẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí àti pàǹtí dígí lóríṣiríṣi. Ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ náà gbóná jù. Ẹ gbé ọ̀kan nínú ìkòkò wọ̀nyẹn lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ìta rẹ̀ jẹ́ amọ̀ funfun nípọn, inú rẹ̀ sì ń dán, búlúù níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, pupa ní ìsàlẹ̀. Iyanrìn kíkúnná tó ti ara òkúta akọ wá ni wọ́n ń lò, irú èyí tó wà káàkiri Ifẹ̀, tí wọ́n ń po ohun tó ní káísíọ́ọ̀mù mọ́, irú èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín. Kóbọ́ọ̀tì ló ń fún àwọn búlúù láwọ̀. Irú ilẹ̀kẹ̀ yìí ni wọ́n tún bá ní Gao ní ilẹ̀ Málì, tó túmọ̀ sí pé ọjà tí wọ́n ní ó ń gba Sàhárà wọlé tún ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde.

Ó ku iná. Iyanrìn kì í di dígí láìsí ooru tó tó ìwọ̀n 1,000, kì í sì í ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Igi àti èédú nìkan ló wà fún un. Ọgbọ́n yẹn kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá: ní 1904, C.V. Bellamy kọ̀wé nípa àwọn tó ń yọ́ irin ní Ọlá-Igbì nítòsí Ọ̀yọ́, tí ìléru wọn ń fa afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ láti ara àwọn ihò ìsàlẹ̀, láìsí ẹwìrì rárá; F.W. Harbord sì yẹ irin wọn wò fún un. Lónìí, irinṣẹ́ mìíràn ti dé fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀: Ifẹ̀ ní ilé ìwádìí agbára tìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní yunifásítì rẹ̀, tó ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi agbára mílíọ̀nù 1.7 fólítì ta ìtànṣán lu nǹkan, kí wọ́n lè mọ èròjà inú rẹ̀ láìfọ́ ọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ka ilẹ̀kẹ̀, ó lè ka epo rọ̀bì.

Ìléru tí wọ́n ti se dígí ní Igbó Olókun gan-an ni wọn kò tíì bá lódidi. Àjákù ògiri amọ̀ tí iná ti sun di òkúta ni wọ́n ń ṣà. Iṣẹ́ náà kò sì mọ sí Ifẹ̀: ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Akinwumi Ogundiran àti Ige náà tẹ̀ é jáde ní 2015 pé wọ́n rí ìkòkò ìyọ́-dígí àti dígí tó bá ọ̀kan nínú oríṣi ti Ifẹ̀ mu, tó jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí ilẹ̀kẹ̀ òyìnbó ti ń wọlé láti etíkun.